Ta Ló Bá Ta Tan? Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Ìbátan

Bí àlejò bá wọ agboolé kan ní ilẹ̀ wa, kì í pẹ́ tí àwọn àgbà ibẹ̀ yóò fi bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Orúkọ tó ń jẹ́ nìkan kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó bí i, agboolé tó ti wá, àti ẹni tó bá tan láàárín ìlú. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn tán ni ọkàn wọn tó ń balẹ̀, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n lè fi í sí.

Kọ̀ǹpútà náà ń dáhùn irú ìbéèrè yìí lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí i. Báńkì tí a ń fi owó pamọ́ sí, ilé ìwòsàn, iléèwé, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, gbogbo wọn ló ní àkójọ àkọsílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí olóyìnbó ń pè ní database. Orúkọ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò ní ìbátan, òkìtì lásán ni. Aláìsàn yìí, ìwé oògùn wo ni tirẹ̀? Owó tó wọlé láàárọ̀ yìí, ta ló ni ín? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Bí ìbátan bá dàrú, oògùn ẹnì kan lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó ìfẹ̀yìntì bàbá arúgbó sì lè há sáàárín ìwé méjì tí kò mọ ara wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí ni ti bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ ẹ̀rọ láti dáhùn "ọmọ ta ni ọ́?" Àríyànjiyàn ńlá wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń pa ìwé mọ́, ì báà jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Káàdì oníhò àti àwo tó ń yí

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1890, nígbà tí ìjọba ń ka àwọn ará ìlú, ẹ̀rọ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Herman Hollerith ṣe ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ náà ń ka káàdì tí wọ́n dá ihò sí lára. Káàdì kan, ènìyàn kan. Ihò ibí sọ pé ọkùnrin ni, ihò ọ̀hún sọ pé ó ti gbéyàwó. Ẹ̀rọ náà yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkà àti ṣíṣà lọ. Káàdì ọkọ kò mọ káàdì ìyàwó.

Lẹ́yìn náà ni téèpù dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo kásẹ́ẹ̀tì orin rí, ẹ mọ ìyà rẹ̀: bí orin tí ẹ fẹ́ bá wà ní ìparí, àfi kí ẹ yí gbogbo èyí tó wà níwájú rẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ RAMAC jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú San Jose ní California. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tò léra bí abọ́ olónjẹ, gbogbo wọn lápapọ̀ sì gba nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5. Lóde òní, àwòrán kan ṣoṣo nínú fóònù lè kún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu ni nígbà náà, torí pé ẹ̀rọ lè fò tààrà lọ sí ibi tó bá fẹ́. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti wá jáde: bí a bá lè fò lọ síbikíbi, báwo ni àkọsílẹ̀ kan yóò ṣe júwe èkejì fún wa?

Bachman, atukọ̀ láàárín àkọsílẹ̀

Charles Bachman, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Kansas lọ́dún 1924, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn. Ilé-iṣẹ́ General Electric ló ń bá ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 síwájú nígbà tó ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Integrated Data Store. Nínú ètò yìí, àkọsílẹ̀ kan lè jẹ́ olórí, kí àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi láńlọ́ọ̀dù àti àwọn ayálégbé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Lórí àkọsílẹ̀ ilé, wọ́n á kọ ibi tí àkọsílẹ̀ ayálégbé àkọ́kọ́ wà nínú ẹ̀rọ. Lórí ti ayálégbé àkọ́kọ́, wọ́n á kọ ibi tí ti ìkejì wà. Báyìí ni wọn yóò máa fa ara wọn lọ́wọ́, títí ẹni ìkẹyìn yóò fi tọ́ka padà sí ilé. Ẹni tó bá ń kọ ètò yóò máa tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fún Bachman ní ẹ̀bùn Turing lọ́dún 1973, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà dá lórí pé ẹni tó ń kọ ètò ti di atukọ̀ tó ń wa ọkọ̀ láàárín àkọsílẹ̀.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà igi. Lọ́dún 1966, IBM pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ Apollo, èyí tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi lọ sínú òṣùpá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí yóò máa tọ́jú orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà. Ètò yìí, tí wọ́n sọ ní IMS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Downey ní California lọ́dún 1968. Bí ẹ̀ka igi ni wọ́n ṣe to nǹkan sínú rẹ̀: ẹ̀rọ ńlá bí ẹ̀rọ kékeré, ẹ̀rọ kékeré bí nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Ó dára púpọ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé, nínú igi, ọmọ kan kì í ní ju òbí kan lọ. Bóòtù tó bá wúlò níbi mẹ́wàá ńkọ́? Ọmọ tó ní bàbá tó tún ní ìyá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Codd gbé ọ̀rọ̀ dé

Edgar Codd, ọmọ erékùṣù Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí lọ́dún 1923. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Oxford, ó wa ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú IBM ní New York lọ́dún 1948. Lọ́dún 1953, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy ń dọdẹ àwọn ènìyàn kiri pé kọ́múníìsì ni wọ́n, inú bí Codd, ó kó ẹrù rẹ̀, ó kọjá sí Ottawa ní Kánádà fún ọdún mélòó kan. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹni tó ń gba ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní San Jose, níbi tó wá ń ṣiṣẹ́ sí nígbà tó yá, ni pé wọ́n fi àdírẹ́sì ṣe ìbátan. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tí wọ́n júwe ilé fún pé, "Tó o bá dé ìdí igi máńgòrò, yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Ọjọ́ tí wọ́n bá gé igi máńgòrò, onítọ̀hún kò délé mọ́ nìyẹn. Bákan náà, bí wọ́n bá tún àkọsílẹ̀ tò nínú ẹ̀rọ, gbogbo ètò tó mọ ọ̀nà àtijọ́ nìkan yóò ṣìnà, wọ́n á sì ní láti tún un kọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1970, Codd tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Communications of the ACM. Ohun tó sọ níbẹ̀ rọrùn débi pé àwọn kan fojú kéré rẹ̀. Ó ní kí a to gbogbo nǹkan sínú àtẹ: àtẹ ilé lọ́tọ̀, àtẹ ayálégbé lọ́tọ̀. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní. Bí ayálégbé bá ń gbé ilé kẹtàdínlógún, kí a kọ 17 sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó parí. Kò sí pé ibo ló wà nínú ẹ̀rọ, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Nọ́ńbà tó wà níbí àti nọ́ńbà tó wà lọ́hùn-ún bára mu, ìyẹn ni ìbátan. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kó wá ọ̀nà. Irú nọ́ńbà tí àtẹ kan gbà láti ara àtẹ mìíràn yìí ni wọ́n ń pè ní foreign key títí dòní.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sí iwájú ilé, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ilé là ń kọ sí iwájú ayálégbé? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń pe ara wa. Bí ọkùnrin kan bá bí ọmọ méje, tí Ṣọlá jẹ́ àkọ́bí, Bàbá Ṣọlá ni gbogbo àdúgbò yóò máa pè é. Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́? Orúkọ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ méjèèje léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ló lè sọ orúkọ bàbá rẹ̀, kò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ọrùn òbí kéré, kò lè gba orúkọ gbogbo ọmọ. Ọmọ ni kó gbé àmì òbí. Òfin yìí kò tíì yí padà láti 1970.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1974, ní ìlú Ann Arbor ní Michigan, Bachman àti Codd kojú ara wọn níbi àpérò kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn Bachman ní ọ̀nà tiwọn yára, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ owó lọ́wọ́. Àwọn ti Codd ní ìṣirò ló gbe àwọn lẹ́sẹ̀, àti pé kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́kọ́ di atukọ̀. IBM fúnra rẹ̀ kò sáré gba ọ̀rọ̀ Codd, torí ọjà IMS ń tà dáadáa. Wòlíì kò níyì nílé ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í sùn sọ́nà. Lọ́dún 1974 yẹn kan náà ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé èdè ìbéèrè kan jáde ní IBM, èyí tó di SQL lẹ́yìnwá. Ní yunifásítì California ní Berkeley, Michael Stonebraker àti Eugene Wong ń ṣe Ingres, tó jẹ́ bàbá PostgreSQL òde òní. Lọ́dún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Larry Ellison gbé Oracle sọ́jà. Lọ́dún 1981, Codd náà gba ẹ̀bùn Turing. Ó ṣaláìsí lọ́dún 2003, nígbà tí ọ̀nà tirẹ̀ ti gba ayé kan.

Oríṣi ìbátan mẹ́ta

Lọ́dún 1976, Peter Chen, ọmọ ilẹ̀ Taiwan tó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ àròkọ kan tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé tẹrú tọmọ. Ó ní kí a kọ́kọ́ ya àwòrán àwọn nǹkan tó ṣe pàtàkì, kí a sì ya ìbátan tó wà láàárín wọn, kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà kò jùyẹn lọ.

Bí a bá ya á tán, oríṣi mẹ́ta la máa ń rí. Èkíní ni ẹyọ kan sí ẹyọ kan: ènìyàn kan àti ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ẹyọ kan sí ọ̀pọ̀: ilé kan àti àwọn ayálégbé rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló le jù, ọ̀pọ̀ sí ọ̀pọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ìyáàfin kan lè wà nínú ẹgbẹ́ aláṣọ, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti nínú ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan náà sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Níbo la fẹ́ kọ nọ́ńbà sí báyìí? Kò ṣeé kọ sí iwájú ènìyàn, kò ṣeé kọ sí iwájú ẹgbẹ́. Àfi ká ní àtẹ kẹta, ìwé orúkọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì: nọ́ńbà ènìyàn, nọ́ńbà ẹgbẹ́, ọjọ́ tó wọlé, owó tó ti san. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń fa ìlà sínú ìwé rẹ̀ ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ìbátan di ọ̀rọ̀ ẹnu

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbalé gbòde, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló fẹ́ ní ètò tí ènìyàn lè lò láti ibikíbi. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó ń kọ ètò ń tún ṣe láràárọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ohun tí wọ́n ń pè ní framework sílẹ̀. Bí ẹni ra ilé tí wọ́n ti gbé òpó rẹ̀ ró, tí wọ́n ti kan páànù rẹ̀ ni. Ó ku kí onílé pín yàrá, kó sì kùn ún.

Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Rails. David Heinemeier Hansson, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló yọ ọ́ jáde láti inú iṣẹ́ tó ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ 37signals ti Chicago, ó sì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù keje ọdún 2004. Èdè Ruby ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí Yukihiro Matsumoto ti Japan gbé jáde lọ́dún 1995. Nínú Rails, ẹni tó ń kọ ètò yóò sọ nípa ilé pé has_many :tenants, ìyẹn ni pé ilé ní ayálégbé púpọ̀. Nípa ayálégbé, yóò sọ pé belongs_to :house, ìyẹn ni pé ilé kan ló ni ín. Kò tún ní àlàyé kankan láti ṣe. Rails ti mọ̀ pé nínú àtẹ ayálégbé ni nọ́ńbà ilé yóò wà, house_id ni yóò sì máa jẹ́. Lọ́dún 2005, Django jáde láti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence ní Kansas, tòun ti ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní èdè Yorùbá, ilé kan, ilé mẹ́wàá, ilé náà ni. Rails ní tirẹ̀ rò pé gbogbo ayé ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá kọ Person, ó mọ̀ pé àtẹ rẹ̀ ni people. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá kọ Ile, iles ni Rails yóò máa wá kiri. Bó bá kọ Iwe, iwes ni. Àfi kó kọ́kọ́ là á yé e pé ọ̀rọ̀ wa kì í gba s.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Bachman tún padà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Àtẹ Codd ló wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n lókè, ẹni tó ń kọ ètò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti àkọsílẹ̀ dé àkọsílẹ̀: láti ilé lọ sọ́dọ̀ ayálégbé, láti ọ̀dọ̀ ayálégbé lọ síbi owó tó san. Ó dùn, àmọ́ ó ní owó orí. Bí ilé bá ní ayálégbé 100, tí kò sì ṣọ́ra, ètò rẹ̀ yóò béèrè ẹ̀ẹ̀kan fún àwọn ayálégbé, yóò tún béèrè ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún owó ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè 101, fún ohun tí ìbéèrè méjì tó dáhùn. Irú àìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ojú ewé máa yí, kó máa yí, kó má ṣí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa nìyí. Bí wọ́n bá pa àkọsílẹ̀ òbí rẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ? Ká ní wọ́n pa ilé kan rẹ́ nínú ìwé, ṣé kí ìwé owó tí àwọn ayálégbé ti san bá a lọ ni, àbí kó dúró?

Nínú Rails, bí ẹni tó kọ ètò kò bá sọ nǹkan kan, tí àkójọ àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì ní ìdènà, òbí yóò lọ, àwọn ọmọ yóò dúró, nọ́ńbà ẹni tí kò sí mọ́ yóò sì wà lọ́rùn wọn. Ọmọ òrukàn nìyẹn. Nínú Django àtijọ́, òdìkejì ni: bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, òbí lọ, ó kó gbogbo ọmọ lọ pẹ̀lú. Ọ̀kan ń fi ìwé tí kò lólúwa sílẹ̀, èkejì ń pa ìwé tí ẹlòmíràn ṣì nílò rẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ló fa méjèèjì.

Àwọn tó ni ètò wọ̀nyí kọ́gbọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, nígbà tí Django 2.0 jáde, wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá so ọmọ mọ́ òbí fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òbí bá lọ: kí ọmọ bá a lọ ni, kí wọ́n má gbà kí òbí lọ nígbà tí ọmọ ṣì wà ni, tàbí kí wọ́n yọ àmì òbí kúrò lọ́rùn ọmọ. Lọ́dún 2016, Rails 5 náà ti ṣòfin pé nínú ètò tuntun, a kò ní gba ọmọ wọlé bí òbí rẹ̀ kò bá sí, àfi bí ẹni tó ń kọ ètò bá dìídì sọ pé ó ṣeé ṣe kó má ní.

Láti 1970 títí dòní, ibì kan náà ni gbogbo ìrìn àjò yìí ń lọ. Láyé ìgbà kan, ìbátan fara pamọ́ sínú àdírẹ́sì. Codd mú un jáde sínú àtẹ. Chen yà á sára ìwé. Rails àti Django fún un lórúkọ, wọ́n sì wá fi tipátipá mú wa sọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́, tó mọ ohun tí ìwé owó jẹ́ fún ayálégbé, òun ló lè sọ ọ́. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ yín bá fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tó ń kọ ètò nìkan jókòó dá a ṣe. Ẹ pe akọ̀wé àgbà tó ti pa ìwé náà mọ́ lọ́wọ́ láti ọdún gbọọrọ, ẹ fi í jókòó tì í, kí ó bi í léèrè níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan pé: ta ló bí èyí, ta ló sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó bí i kò bá sí mọ́?